Kalolaine, Ògbufọ̀ Ọ̀rọ̀ Jẹjẹrẹ

Kalolaine ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣe ògbufọ̀ fún àwọn dókítà tó ń ti òkèèrè wá sí ilé ìwòsàn erékùṣù wa, ní apá àríwá Tonga, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Aṣọ ibùsùn ló ń fọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ ilé ní Auckland fún ọdún mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni èdè wọn ti mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí Dókítà Brennan kọ́kọ́ dé láti Ọsirélíà, orí ìkúnlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa túmọ̀ fún un wà. Wọ́n bá sáré lọ pe Kalolaine níbi tó ti ń fọṣọ. Ó wọlé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó nu ọwọ́ mọ́ra, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin gíga ni, eegun rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kò lọ́kọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun ti fọ ṣòkòtò ọkọ ọlọ́kọ mẹ́ta ní Auckland, ó tó òun gẹ́ẹ́. Nígbà tí Feleti àbúrò rẹ̀ fẹ́ mi, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí púpọ̀. Nílẹ̀ wa, arábìnrin ọkọ ló lọ́lá jù nínú ilé. Bó bá ń bọ̀, ìwọ ìyàwó ni yóò tẹ́ ẹní, ìwọ ni yóò gbé iṣu tó dára jù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ọlá yẹn ni mí lára rí. Ó máa ń pè mí ní Luseane, orúkọ mi gan-an, á jẹun tán, á sì bá mi palẹ̀ abọ́ mọ́.

Lọ́dún kejì iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ Lopeti ṣẹlẹ̀. Apẹja ni Lopeti, ará Fonuaʻiki, erékùṣù kékeré kan tó ń gba ọkọ̀ ojú omi ní wákàtí mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ wa. Jẹjẹrẹ wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, oúnjẹ ò fẹ́ kọjá. Dókítà Brennan ti fún un lóògùn, ó sì ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ọjọ́ pé, òun àti Heleine ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Maka, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, jọ wá jókòó níwájú dókítà. Kalolaine dúró láàárín.

Dókítà wo àwòrán inú ara Lopeti títí. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn náà tí Kalolaine mọ̀ dáadáa. Ìyáálé ilé tó bá ṣiṣẹ́ ní Auckland máa ń sọ ọ́ bí èsì ìdánwò àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti ilé ìwé dé.

"Dókítà ní ó ń tẹ̀síwájú," Kalolaine wí.

"Kí ló ń tẹ̀síwájú?" Heleine bi í.

Kalolaine kò bi dókítà. Ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. "Ọ̀rọ̀ ara bàbá ni," ó dá a lóhùn. "Ó ń tẹ̀síwájú."

Heleine fi ọwọ́ bo ojú. Lopeti ní, "Ọlọ́run ṣeun." Maka, géńdé ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ dókítà mú, ó fi ẹnu kò ó. Ojú dókítà pọ́n. Ó ní kí Kalolaine sọ fún wọn pé láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí àwọn èèyàn tó nígboyà báyìí. Kalolaine sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Dókítà kọ oògùn kan, ó ní èyí ni yóò máa jẹ́ kí ara tù ú. Kalolaine ní, "Oògùn tí ara yín á fi yá nìyí." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọkọ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ìránṣẹ́ dé láti Fonuaʻiki pé Lopeti fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fẹ́ kí Kalolaine jókòó sáàárín àwọn àlejò pàtàkì. Ó lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni wọ́n sun. Iṣu wà, ewé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn sè wà, ẹja wà jaburata. Kò rí Maka. Heleine sọ fún un pé Maka ti lọ sí Ọsirélíà, ó lọ bá wọn ká èso lóko. Ọ̀nà náà ti là fún un tipẹ́, ó ní òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀ nínú àìsàn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn ayọ̀, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tì í wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Iwájú ni wọ́n fi Kalolaine sí, ó dojú kọ Lopeti. Ẹ̀wù tuntun ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, àfi bí ẹni pé wọ́n fi kọ́ igi. Lopeti mú ẹran, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn. Nígbà tó pẹ́, ó gbé aṣọ ìnuwọ́ sẹ́nu bí ẹni ń nu ẹnu, ó tú ẹran náà sínú rẹ̀, ó ká a, ó fi sábẹ́ itan. Ó tún mú òmíràn. Kalolaine ń wò ó. Ó sọ fún mi pé ìgbà mẹ́fà lòun kà, oúnjẹ tó wà lẹ́nu òun alára sì di iyanrìn.

Kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Èyí ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀, ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó jẹ àsè náà tán, ó gba ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì fún un, ó sì wọ ọkọ̀. Nígbà tó dé, ó lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé Lopeti. Kí ni dókítà kọ síbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì kà á. "Ó kọ ọ́ pé àrùn náà ń tẹ̀síwájú. Ó ti kúrò lọ́nà ọ̀fun, ó ti wọ ẹ̀dọ̀. Oògùn ìrora nìkan ló kù. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ fún wọn ni?"

Kalolaine ní, "Èmi ni."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ló padà sí Fonuaʻiki. Ọkọ̀ tó ń kó àgbọn ló bá lọ. Lopeti dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Heleine ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Kalolaine jókòó sílẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí dókítà wí, ohun tí òun gbọ́, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

Lopeti ní, "Mo ti ń rò ó. Mo ní ó dà bíi pé ìrora yìí ò gbọ́ ìròyìn tí gbogbo wa gbọ́."

Heleine ò gbé ohùn sókè. Ó kàn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ náà lọ. "Ọmọ mi kan náà ti lọ," ó wí. "Mo di ẹrù ẹ̀ fún un. Mo ní kó má bojú wẹ̀yìn."

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn ni Lopeti kú. Kí Maka tó rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀, kó tó tún dúró de ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Kalolaine wọ aṣọ dúdú, ó ró ẹní ọ̀fọ̀ mọ́ ìbàdí bí àṣà ilẹ̀ wa, ó lọ síbi ìsìnkú náà. Heleine sọ fún un kó jókòó síta, níbi táwọn ajá wà. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Gbogbo èèyàn rò pé yóò padà sídìí aṣọ fífọ̀. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tún dé, kò sẹ́lòmíì. Ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ. Kò sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí kì í dá dúró. Yóò ní, "Ọ̀rọ̀ yìí, kí ló jẹ́? Tó bá jẹ́ ìyá yín lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́?" Lẹ́yìn náà yóò gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé tí àwa obìnrin ti ń hun ẹní, yóò jókòó sáàárín wa pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, yóò dán an wò lára wa.

Mo rántí ọjọ́ kan dáadáa. Fifita wà níbẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Tí mo bá ní àrùn èèyàn wà ní ìpele kẹrin," Kalolaine bi wá, "kí lẹ gbọ́?"

"Ìpele kẹrin nínú mélòó?" Fifita bi í.

"Nínú mẹ́rin."

"Ó ti jáde ìwé nìyẹn. Ẹ pa ẹlẹ́dẹ̀ fún un."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kalolaine ò rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ náà kọjá. "Tí mo bá ní èsì àyẹ̀wò jẹ́ pọ́sítífù ńkọ́?"

"Ìyẹn dáa," Fifita fèsì. "Oníwàásù tó wá lọ́jọ́sí ní ká máa ro èrò pọ́sítífù."

Ó tún fa ìlà. Ibẹ̀, lórí ẹní wa, ló ti ń wá àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rí díẹ̀díẹ̀. Dípò pọ́sítífù, ó ń sọ pé, "Wọ́n wá jẹjẹrẹ, wọ́n sì rí i." Bí wọn kò bá rí i, á ní, "Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Mi ò ní kò sí o, mo ní wọn ò rí i." Dípò ìpele kẹrin, "Ó ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kọ́lé síbòmíì." Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìyàtọ̀ ìtọ́jú àti ìwòsàn. Ó ní dókítà lè sọ pé, a lè tọ́jú rẹ, àmọ́ a ò lè wò ọ́ sàn.

"Irú ìtọ́jú wo ni kì í woni sàn?" Fifita bi í. "Kí ni wọ́n wá ń tọ́jú?"

"Báwo lo ṣe ń tọ́jú ìyá ẹ?" Kalolaine dá a lóhùn. Ìyá Fifita ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ.

Fifita wo koríko tó ń hun. "Kí ara lè máa tù ú ni," ó wí. "Kì í ṣe kó lè padà di ọmọge." Kalolaine kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Àṣà kan tún wà tó dá sílẹ̀. Bó bá ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà tán, kì í jẹ́ kí aláìsàn dìde. Á ní, "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún mi." Bí wọ́n bá sọ ọ́ dà nù, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Dókítà Brennan kọ́kọ́ ń wo aago, nígbà tó yá ó jáwọ́. Báyìí ló ṣe lọ fún ọdún méjìlá.

Ìgbà náà ló kan ilé tiwa.

Ọkọ̀ ojú omi ni Feleti ọkọ mi ń kàn, ó sì ń gbin iṣu. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ó ti ń fọ aṣọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọkọ tí mo ti bá gbé ní ogún ọdún, tí kò fọ aṣọ ìnuwọ́ rí. Mo yọ sí i lọ́jọ́ kan.

"Bàbá Paea, kí lẹ̀ ń fọ̀?"

"Aṣọ iṣẹ́ ni."

"Aṣọ iṣẹ́ wo ló ń ṣẹ̀jẹ̀?"

Ó fún aṣọ náà, omi pupa ń kán sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá ti lọ yàgbẹ́ ni. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́."

Mo mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Lọ́dọ̀ wa, arákùnrin àti arábìnrin kì í mẹ́nu kan ohun tó wà lábẹ́ aṣọ létí ara wọn. Láti ìgbà tí Feleti ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọn ò ti sùn sábẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Bí wọ́n bá jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí ọkùnrin inú rẹ̀ bá di obìnrin mọ́ra, ọ̀kan nínú wọn á dìde jáde. Ìdí ìfun rẹ̀ ló sì ń ṣẹ̀jẹ̀ yìí.

Mo fi ẹ̀bẹ̀ àti ẹkún gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ọmọ ilẹ̀ wa gé díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Niu Silandi fún àyẹ̀wò, ó sì ya àwòrán inú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí èsì dé, dókítà yẹn ti lọ sí olú-ìlú, Dókítà Brennan ló kù nílẹ̀. Èmi àti Feleti jókòó, à ń retí. Ilẹ̀kùn ṣí, dókítà wọlé, Kalolaine sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ aláìsàn fún un. Òun àti Feleti rí ara wọn. Feleti dìde, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kejì jáde láìsọ̀rọ̀. Kalolaine náà kọ ẹ̀yìn, ó bọ́ síta.

Abẹ́ igi máńgòrò ni dókítà ti bá a. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Dókítà ń sọ̀rọ̀, Kalolaine ń mi orí, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó pè mí. Dókítà ti lọ.

"Jókòó, Luseane. Èmi ò lè sọ ọ́ fún un. Ìwọ ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni." Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ohùn tó fi ń bá àwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀ náà ni. "Wọ́n wá jẹjẹrẹ nínú ìdí ìfun ẹ̀, wọ́n rí i. Ó ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti kọ́lé sínú ẹ̀dọ̀. Wọ́n lè tọ́jú ẹ̀. Wọn ò lè wò ó sàn. Sọ ohun tó o gbọ́ fún mi."

Mo sọ mẹ́ta, mo fi ìkẹrin sílẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó lè sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Má yọ ọ̀kan kúrò," ó wí.

"Mo gbọ́, àǹtí."

Mo bá Feleti nílé, níbi tó ti ń pọ́n àáké. Mo sọ èkíní. Ó dáwọ́ dúró. Mo sọ èkejì. Ó gbé àáké náà sílẹ̀. Mo sọ ẹ̀kẹta.

"Wọ́n lè tọ́jú ẹ̀?" ó bi mí.

"Wọ́n lè tọ́jú ẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀, mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun. Mo lọ gbé iṣu kaná. Ìkẹrin wà lẹ́nu mi bí eegun ẹja, mo sì gbé e mì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Feleti fi jẹun bí ọkùnrin tó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ó lọ sóko, ó sàmì sí ilẹ̀ tí yóò gbin iṣu sí lọ́dún tó ń bọ̀. Ó gé igi tuntun, ó fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kan lélẹ̀, èyí tó máa gbà tó ọdún kan. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé, wọ́n lè tọ́jú ẹ̀. Fifita gbọ́ ọ, ó sì fi ayọ̀ lọ sọ ọ́ létí Kalolaine nílé ẹní híhun.

Kalolaine wá bá mi ní ilé ìdáná. Kò kí mi.

"Mélòó lo sọ fún un?"

"Mẹ́ta."

Ó jókòó sórí àpótí tí mo fi ń rin àgbọn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ wò ó bó ṣe ń jẹun."

"Mo rí i."

"Ẹ jẹ́ kó jẹun."

"Ta ló máa pe Paea wálé?" ó bi mí. Paea ọmọ wa obìnrin wà ní ilé ìwé ní Suva, lókè òkun, ó ku oṣù mẹ́jọ kó tó parí. "Ṣé ó máa bá bàbá ẹ̀ láyé? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe irú èyí rí, Luseane. Àìmọ̀ ni tèmi. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Lọ sọ ìkẹrin."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Lọ."

"Àǹtí, ẹ pa mí, mi ò lè sọ ọ́."

Kalolaine dìde, ó ní, "Fún mi ní ẹní kan."

Feleti ń sinmi nínú yàrá, nítorí ọ̀sán ni. Kalolaine tẹ́ ẹní náà sí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó kẹ́yìn sínú ilé, ó dojú kọ ìta gbangba. Ó wúkọ́. Feleti gbọ́ ikọ́ náà, ó jókòó dìde, ó fa aṣọ bora dé ọrùn. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá, ìdí nìyẹn tí mo fi rí ojú rẹ̀.

"Feleti, èmi ni. Má dìde. Mo kẹ́yìn sí ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, mẹ́ta ni wọ́n sọ fún ọ."

Ó sì sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò fi aṣọ bo ọ̀kankan. Ó dárúkọ ìdí, ó dárúkọ ìfun, létí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ní ọ̀sán gangan. Feleti ti yí ojú sí ògiri, etí rẹ̀ pọ́n títí dé ọrùn. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ kẹrin, n kò lè wò ó mọ́. Mo ń gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀ wa tó ń fi imú hú ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé.

Feleti bi í léèrè pé, "Oṣù mélòó?"

"Dókítà ní mẹ́rin, ó sì lè tó mẹ́fà. Kò mọ̀ ọ́n dájú." Ó tún ní, "Sọ ohun tó o gbọ́ fún mi."

Mo rò pé kò ní ṣe é. Àmọ́ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ògiri náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí kò yẹ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ mẹ́ta, ó dúró. Kalolaine ò ràn án lọ́wọ́. Ó ń retí. Feleti ní, "Wọn ò lè wò mí sàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Kalolaine dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni Feleti sọ ohun tí kò kúrò létí mi títí di òní. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má wá sílé yìí mọ́ títí n ó fi kú. Mi ò ní lè wojú yín."

"Mo gbọ́," Kalolaine wí. Ó ká ẹní náà, ó gbé e ti ògiri, ó sì lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà Feleti bi mí pé, "Láti ọjọ́ yẹn lo ti mọ ìkẹrin?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí n fún òun lómi, a ò sì dá a sílẹ̀ mọ́.

Paea ti Suva dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tún lò. Ó fi igi ọkọ̀ náà ta ìbátan rẹ̀ kan lọ́rẹ, ó fi ilẹ̀ iṣu han Paea, ó sì sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Àwọn ọjọ́ tó kẹ́yìn kò dára. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa, ó sì máa ń ké lójú oorun. Nọ́ọ̀sì kan ń wá fún un ní abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kò sí ọjọ́ kan tó pa jẹ. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó mọ̀ pé Kalolaine ló ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé nọ́ọ̀sì náà láràárọ̀ títí yóò fi dìde. Òun alára kò kọjá ọgbà wa. Á gbé abọ́ oúnjẹ sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, á pe Paea, á yí padà. Ìgbà kan wà tí igbe Feleti le púpọ̀, mo yọjú síta, mo rí i tó di igi ọgbà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mo ní kó wọlé. Ó mi orí pé rárá.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Feleti mí ìmí ìkẹyìn. Ìgbà náà ni Kalolaine tó wọlé. Ó jókòó sí ibi orí òkú, nítorí àyè rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àkókò tó, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé irun Paea bí àṣà ọ̀fọ̀ wa, ó gé e mọ́lẹ̀, irun tó ti gùn dé ìdí. Kò sunkún níwájú wa. Àwọn kan ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ìtìjú ló pa Feleti, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n ní arábìnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan ọkọ mi kan ò kí i títí dòní olónìí.

Ọjọ́ kẹwàá tí a bọ́ ẹní ọ̀fọ̀ àkọ́kọ́, mo rí i tó ń lọ pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ lábíyá. Mo bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní dókítà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá kan láti òkè ọ̀hún ní kókó lọ́mú, òun fẹ́ lọ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọdún mẹ́ta ló tún fi ṣe é, kí ìjọba tó kó àwọn nọ́ọ̀sì tuntun wá.

Orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. A kì í sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Mo ṣì gbà pé Feleti dunnú nínú wọn. Òun náà mọ̀ pé mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn ṣì ń gbé ìwé ilé ìwòsàn wá bá a. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan wá, kò tíì pé ogójì ọdún, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Kalolaine gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀.

"Ta lẹ bá wá?" ó bi obìnrin náà.

"Èmi nìkan ni, màmá."

"Ẹ lọ mú ẹnì kan wá. Ọ̀rọ̀ yìí, èèyàn kì í dá gbọ́ ọ."

Obìnrin náà ní òun ò lẹ́nì kankan nítòsí ibí. Iṣu ni mo ń bó lọ́wọ́. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo ṣan ọwọ́, mo lọ jókòó tì í lórí ẹní. Kalolaine wò mí, ó tún wo ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀.